Bí Power Pack Bá Gbiná, i7 Rẹ Di Pàǹtí

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa retí kí n pa yín lẹ́rìn-ín bí ìṣe mi. Tòní kọ́. Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kó bí ẹ̀yin náà.

Àbúrò kan wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ọmọ 200 level. Ó ń gẹ irun fún wa nínú yàrá rẹ̀, orí kan, owó kan. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi kó owó jọ, ìyá rẹ̀ sì fi owó àjọ tirẹ̀ kún un. Kọ̀ǹpútà tí yóò fi máa gbá bọ́ọ̀lù FC, tí yóò sì fi kọ́ iṣẹ́ fídíò ṣíṣe, ló fẹ́. Ó wá bi àwa àgbà ohun tó yẹ kó rà. Èsì tí a fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ṣáà ti rí i pé i7 ni." Ó lọ sọ́jà, ó ní i7 ni òun fẹ́, wọ́n sì ta i7 fún un. Àpótí rẹ̀ ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, fáànù mẹ́rin inú rẹ̀ ń tan iná pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Power pack bá àpótí náà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló rọ́ wá wò ó bí ẹni wá kí ìyá ọmọ tuntun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iná lọ ní nǹkan bí aago méje alẹ́, kò sì pẹ́ tó fi dé padà. A gbọ́ "gbàù!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a máa tú u wò, power pack ti jóná, ó sì ti gbé motherboard àti graphics card dání lọ. Ọlọ́jà ní NEPA ló fà á, kì í ṣe òun. Ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò kàn gẹ irun fún ẹnì kankan fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ni.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, a sì tún ń kí i pé, "Pẹ̀lẹ́, NEPA ò dáa." Mi ò gbà. NEPA ní ẹ̀bi tirẹ̀, ọlọ́jà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn burúkú tí à ń fún ara wa láti ọdún dé ọdún ló kọ́kọ́ jó kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn kí iná tó jó o.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Bí owó rẹ kò bá pọ̀, power pack ni kí o kọ́kọ́ mú, graphics card ṣìkejì, processor ṣìkẹta, kí àwọn yòókù tó tẹ̀lé e. Orúkọ ńlá àti iná aláràbarà kò sí nínú ìṣirò náà rárá.

Oyè ni i7, kì í ṣe ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí i7, torí òun ni òrìṣà tí à ń bọ jù nílé ìwé yìí. Láti ọdún 2008 ni Intel ti ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní Core i7. i7 kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ kan pàtó. Oyè ni, bí ìran kan bá sì ti kọjá, wọ́n á fi òmíràn jẹ ẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé Baálẹ̀ ni òun, ṣé o kò ní bi í pé Baálẹ̀ ìlú wo? Nọ́ńbà tó tẹ̀lé oyè yẹn ló ń sọ ìlú tí Baálẹ̀ ti wá.

i7-2600 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2011. i3-12100F jáde ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn méjèèjì ní core mẹ́rin àti thread mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín wọn, core kan ṣoṣo nínú i3 yẹn sì ń ṣe iṣẹ́ tó sún mọ́ ti core méjì nínú i7 àgbàlagbà yẹn. Ẹ gbé wọn sínú géèmù kan náà, i3 tí ẹ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú á fi i7 yín sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. i7 ti ọdún 2011 kò ní àṣẹ tí wọ́n ń pè ní AVX2, èyí tó wọ inú processor Intel ní ọdún 2013. Àwọn géèmù tuntun kan wà tí kò ní ṣí rárá láìsí i. RAM DDR3 ló ń lò, èyí tí o kò lè gbé lọ sórí motherboard tuntun lọ́la. Láti ìran kẹjọ Intel lọ sókè ni Microsoft ń gbà fún Windows 11, bí a bá yọ ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtìlẹ́yìn wọn fún Windows 10 ti parí láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá Valorant náà mọ̀ pé lórí Windows 11, bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní TPM 2.0 àti Secure Boot, ẹnu ọ̀nà lẹ máa dúró sí.

Kíkà nọ́ńbà náà kò le. Ohun tó wà ṣáájú nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn ni ìran rẹ̀. i7-2600, ìran kejì. i5-8500, ìran kẹjọ. i3-12100, ìran kejìlá. Bí ọlọ́jà bá ní "i7 ni, ó strong gan-an," bi í léèrè nọ́ńbà. Bí kò bá lè dá ọ lóhùn, dìde, kí o sì kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ kíyè sí lẹ́tà F tó máa ń wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Processor tó ní F kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀ láìsí graphics card. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pé lè ra èyí tí kò ní F, kó máa fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, kó sì máa gbá àwọn géèmù kéékèèké títí owó graphics card yóò fi pé. Ní ti AMD, Ryzen 5 5600G lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo alángbá ló d'anú délẹ̀

A kì í mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni power pack rí. Àpótí irin ni gbogbo wọn, fáànù kan lójú, wáyà jáǹtìrẹrẹ nídìí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi náání rẹ̀. Ta ló ń pe ọ̀rẹ́ wá sí yàrá kó wá wo power pack?

Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Lórí ìwé, iná tó wà lára ògiri wa jẹ́ fólítì 230. Ohun tó ń gba inú wáyà kọjá gan-an, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí gílóòbù tó ń ṣẹ́jú lálẹ́ mọ̀ ọ́n. Power pack ló ń gba iná yẹn, tó ń sọ ọ́ di fólítì 12, 5 àti 3.3, tó sì ń pín in fún processor, graphics card àti àwọn yòókù. Òun ni ìyá tó ń dáná fún gbogbo ilé. Bí ìyá bá bu májèlé sínú ọbẹ̀, kò sí ọmọ tó máa sọ pé òun kò jẹ nínú rẹ̀.

Power pack gidi ní àwọn ẹ̀ṣọ́ inú tó ń gé iná nígbà tí fólítì bá ga jù tàbí tí wáyà bá kan ara wọn. Èyí tó ń bá àpótí wá lọ́fẹ̀ẹ́ kì í sábà ní wọn, torí owó ẹ̀ṣọ́ yẹn ni wọ́n yọ kó tó lè di ọ̀fẹ́. Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn.

Báwo lo ṣe máa dá èyí tó dáa mọ̀? Kọ́kọ́ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Má wo 600W gàgàrà tí wọ́n kọ síwájú. Wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, wo iye A tó wà níbẹ̀, kí o fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 20A, wáàtì 240 péré ló ní fún processor àti graphics card, ohun yòówù kí wọ́n kọ síwájú. Power pack 550W tó jẹ́ olóòótọ́ yóò ní nǹkan bí 45A níbẹ̀. Ìkejì, gbé e lọ́wọ́. Èyí tó bá fúyẹ́ bí àwo ike, ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni kò sí. Ìkẹta, bí o bá rí bọ́tìnì pupa kékeré tó ní 115 àti 230, rí i dájú pé 230 ló wà. Ẹni tó bá fi sí 115 tó sì tì í bọ ògiri wa, kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àmì 80 Plus dẹ́rù bà yín. Iye iná tó ń ṣòfò ni àmì yẹn ń wọ̀n. Ó dáa kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé power pack náà kò ní gbiná. Ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà power pack náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò bóyá ẹnì kan ti tú u rí tó sì wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan nípa rẹ̀ níbì kankan, ẹ ti rí èsì yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tan yín pé 850W ni géèmù ń fẹ́. Graphics card RX 6600 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 132. i3-12100F, bí ó bá tiẹ̀ sáré dé góńgó, kò ju 89 lọ. Ẹ fi motherboard, RAM, SSD àti fáànù kún un, gbogbo rẹ̀ kò ní tó 300. 500W tàbí 550W tòótọ́ ti tó, ó sì ti ṣẹ́kù. 850W irọ́ ló ń sun ilé.

"NEPA ni"

Mo gbọ́. Ta ni kò mọ NEPA? Ẹni tó mọ̀ pé òjò ń rọ̀ nílùú òun, tó wá fi páálí kan òrùlé, ṣé òjò ló ṣẹ̀ ẹ́? Torí pé iná wa rí báyìí gan-an ni power pack fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àwọn tí a ń wò lórí YouTube, tí wọ́n ń sọ pé kí a kó ìdajì owó lé graphics card kí a sì fi ìyókù wá èyí tó bá rọjú, ìlú tí iná kì í lọ ni wọ́n ń gbé. Ìmọ̀ràn wọn dáa fún ilé wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ gbé e wá sí Àgbọ̀wọ́ tàbí Àkọkà láìyí i padà.

Nítorí náà, bí iná bá lọ, pa kọ̀ǹpútà rẹ lára ògiri. Bí ó bá dé, dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó fìdí múlẹ̀ kí o tó tàn án. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí owó bá wà, ra stabilizer tó ń dúró díẹ̀ kó tó gbé iná jáde, tàbí UPS tó lè gbé ọ fún ìṣẹ́jú tí o máa fi pa ẹ̀rọ rẹ dáadáa. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ẹ ń lò, ẹ kọ́kọ́ tàn án kó sáré dọ́gba, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki áyọ́ọ̀nù bọ ojú iná kan náà nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́.

Graphics card: ibi tí olè pọ̀ sí jù

Owó tó pọ̀ jù níbí ló ń lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí graphics card ló ń ya géèmù. Ṣùgbọ́n ibí náà ni ìtànjẹ pọ̀ sí jù. Àwọn kan ń gbé card àtijọ́ bíi GTX 550 Ti, wọ́n á yí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ padà, wọ́n á sì tà á bíi GTX 1050 Ti. Àwọn mìíràn ń ta RX 580 tó jẹ́ 2048SP ní iye owó ojúlówó RX 580, bẹ́ẹ̀ 2304 ló wà nínú ojúlówó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum pa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi graphics card wa owó rẹ̀ tì, ọ̀pọ̀ card tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru sì ya wọ ọjà tòkunbọ̀ káàkiri ayé. Èmi ò ní kí ẹ má ra irú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ní kí ẹ dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbé fíláṣì lọ sọ́jà. Kí ohun méjì wà nínú rẹ̀: GPU-Z àti FurMark. GPU-Z kékeré gan-an ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí card NVIDIA bá jẹ́ ayédèrú tó mọ̀, á kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀ gbàgàdà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan FurMark fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ wo bóyá àwọn tóótòòtó ń yọ lójú amóhùnmáwòrán, bóyá ó ń pa ara rẹ̀, bóyá fáànù ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Bí ọlọ́jà bá ní kò sí àyè fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò sí owó náà. Àwọn ọlọ́jà tó ń ṣe òtítọ́ wà ní Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n wà ní Ìbàdàn náà, wọn kì í sì í bínú sí ẹni tó fẹ́ dán nǹkan wò.

Èwo ni kí ẹ wá? GTX 1650 ní GB 4, kò ju wáàtì 75 lọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì nílò wáyà kankan láti ara power pack. RX 580 ní GB 8, ó sì lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n wáàtì 185 ló ń jẹ, power pack rẹ sì gbọ́dọ̀ tó o gbé. RX 6600 náà ní GB 8, ó yára ju méjèèjì lọ dáadáa, 132 péré ló sì ń jẹ. Bí apá bá ká a, òun ni mo máa mú láìronú. Ẹ ṣọ́ra fún RX 6500 XT. Ó tuntun ju RX 580 lọ, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n GB 4 ló ní, ọ̀nà mẹ́rin péré ló sì ń gbà bá motherboard sọ̀rọ̀. Lórí motherboard àtijọ́ tó jẹ́ PCIe 3.0, ọ̀nà yẹn á há mọ́ ọn.

Kí ẹ sì wo ohun tí ẹ ń fi wòran. Bí amóhùnmáwòrán yín bá jẹ́ 1080p tó ń ṣe 60Hz, kò lè fi ju àwòrán 60 hàn yín ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ra card tó ń gbé 200 jáde, 140 ló ń dà sínú gọ́tà.

"Kò sówó" àti àwọn àwáwí yòókù

Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n kò sówó." Òótọ́ ni. Kó tó di àárín ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Card olówó dọ́là 200 tí kò tó náírà 100,000 kọjá 300,000, láìjẹ́ pé ó fi nǹkan kan dára sí i. Ṣùgbọ́n àìsówó gan-an ni kò jẹ́ ká lè ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Olówó lè ra power pack burúkú. Bó bá jóná, á ra òmíràn.

Ẹ wo ìṣirò yìí, èmi ni mo ṣe é, ẹ lè yí i díẹ̀ bí ọjà bá ṣe rí. Bí owó yín bá jẹ́ ogún náírà: mẹ́jọ fún graphics card, mẹ́ta fún processor, mẹ́ta fún motherboard, mẹ́ta fún RAM àti SSD, méjì fún power pack, ọ̀kan fún àpótí. Power pack jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá péré. Ẹni tó bá fi náírà méjì yẹn ṣe ọ̀fẹ́ ti fi náírà méjìdínlógún yòókù ta tẹ́tẹ́.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré gan-an, ọ̀nà kan wà tí a kì í sọ fún ara wa torí pé kò ní ẹ̀ṣọ́. Ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, irú OptiPlex, EliteDesk tàbí ThinkCentre, tó ní i5 ìran kẹjọ. i5-8500 ti ọdún 2018 ní core mẹ́fà, Windows 11 sì gbà á. Power pack inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í tóbi, ṣùgbọ́n ojúlówó ni. Ki GTX 1650 tí kò nílò wáyà bọ inú rẹ̀, ó parí. Kọ́kọ́ wọn inú àpótí náà o: èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, card kúkurú ni yóò gbà. Ọ̀pọ̀ wọn tún ní ojú wáyà tiwọn, nítorí náà má rò pé o lè pààrọ̀ power pack rẹ̀ bó ṣe wù ọ́. Yóò dúdú, yóò burẹ́wà, kò sẹ́ni tó máa wá wò ó. Ṣùgbọ́n yóò gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó bá fẹ́ máa fi díẹ̀díẹ̀ gòkè, kó wo motherboard AM4 bíi B450. Ó lè fi Ryzen 5 2600 tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó tún BIOS rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ iwájú, kó sì gbé Ryzen 5 5600 lé e láìpààrọ̀ motherboard tàbí RAM. Ní ti RAM, ẹyọ GB 8 méjì sàn ju ẹyọ GB 16 kan lọ, torí àwọn méjì á jọ máa gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tó ń tàn lára RAM kò fi àwòrán kan ṣoṣo kún géèmù yín.

Ẹlòmíràn á ní, "Ra laptop, iná ò sí." Mi ò ní purọ́ fún yín: bí iná kò bá ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́ níbi tí ẹ ń gbé, tàbí tí ẹ ń kó yàrá ní gbogbo ọdún, laptop ló tọ́ sí yín. Kí ẹ kàn mọ̀ pé graphics card inú laptop kì í lágbára tó èyí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú kọ̀ǹpútà àgbélẹ̀, àti pé tí ẹ bá ń gbá géèmù lórí bátìrì, kò ní pẹ́ kú. Bó bá sì jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ni, kò sí iṣẹ́ mìíràn, ẹ lọ ra PS4 tòkunbọ̀, kí ẹ fi owó tó kù jẹun. Ṣùgbọ́n PS4 kò lè ya ilé fún ẹni tó ń kọ́ architecture, kò sì lè gé fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n máa sanwó fún. Ẹ̀rọ tó lè gbá géèmù lè ṣiṣẹ́ owó, ohun tí mo sì máa ń sọ fún àwọn òbí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní eré ọmọdé ni.

Iná náà ní iye tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A lọ sí náírà 225 fún kilowatt wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 250 fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ di náírà 225 lójúmọ́, 6,750 lóṣù. Ẹ ka ìyẹn mọ́ owó kọ̀ǹpútà kí ẹ tó wo card tó ń jẹ ìlọ́po méjì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní London àti Houston, ẹ ṣeun tí ẹ kì í gbàgbé àbúrò. Tí ẹ bá ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì, ẹ má fi fáànù aláwọ̀ méje ránṣẹ́ mọ́. Ẹ ra power pack kan tó dáa, kí ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ rí i pé wọ́n kọ 100-240V síbẹ̀, kí ẹ sì fi sínú àpò yín. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà kó ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, torí iná wọn jẹ́ 120.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ọmọ 100 level bá bi yín ohun tó yẹ kó rà, ẹ má dá a lóhùn pẹ̀lú lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan mọ́. Ẹ bi í iye tó ní, irú iná tó wà níbi tó ń gbé, àti géèmù tó fẹ́ gbá. Bí ẹ bá ráyè, ẹ bá a lọ sọ́jà. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wà nínú rìsíìtì rẹ̀, kí ọlọ́jà má baà sọ lọ́la pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun lẹ ti rà á.

Àbúrò wa ti tún ń gẹ irun báyìí. Àwa mẹ́rin tí a fún un ní ìmọ̀ràn yẹn ti dá owó jọ, a sì ti ra power pack kan fún un, 550W, 45A lórí òpó 12 rẹ̀. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú páálí, kò tíì ní ohun tí yóò gbé iná fún. Ẹni tó bá ní i5 ọ́fíìsì tàbí motherboard AM4 tí kò lò mọ́, kó sọ fún wa. A máa wá gbé e, a ó sì dán an wò fún ogún ìṣẹ́jú.